Ọ̀mọ̀wé Tó Kọ Ìwé Tí Kò Kà

Bí ẹ bá pe Ọ̀mọ̀wé Olúsọjí Bámgbóyè ní "Ọ̀gbẹ́ni" níbi àpèjọ kan ní Ìlá, etí rẹ̀ á di pátápátá. Bí ẹ bá pè é ní "Dókítà," á gbé ìdí díẹ̀ lórí àga. Àfi kí ẹ kà á délẹ̀, kí ẹ pè é ní "Ọ̀mọ̀wé Àgbà, Akàwé-má-sùn, Ọpọlọ-bí-Òkun," kó tó dìde tán, kó tún agbádá ṣe, kó sì rẹ́rìn-ín ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi oríkì yìí ta ara rẹ̀ lọ́rẹ. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì, ó ń pín in káàkiri ìlú. Àmọ́ àwọn tó tẹ káàdì náà ò fi àmì ohùn sí i. Bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń kà á ni "Ọ̀pọ̀lọ́-bí-Òkun," wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè ibi tí wọ́n ti rí ọ̀pọ̀lọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ ni Bámgbóyè ní yunifásítì kan tí wọ́n dá sílẹ̀ láìpẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀rà. Ó ní òun mọ ìwé. Ìwé ní tirẹ̀ ò tíì jẹ́rìí pé òun mọ̀ ọ́n. Àwọn tó kọ́ níwèé ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, òun ò dì í, nítorí wọ́n ní ẹni tí yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìwé, ó kéré tán, ẹyọ kan. Kì í ṣe pé Bámgbóyè ò gbìyànjú. Ó ti ya fọ́tò tó máa wà lẹ́yìn ìwé náà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn: ó fi ìka méjì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbójú sókè bí ẹni tó ń retí kí ọgbọ́n já bọ́ láti àjà. Ìwé yẹn gan-an ló ṣẹ́ kù.

Ọlọ́run wá ṣílẹ̀kùn. Yunifásítì fi í ṣe alábòójútó iṣẹ́ asísítáńtì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé gba oyè kejì ni wọ́n ń fún níṣẹ́ yìí. Wọ́n á máa bá àwọn olùkọ́ yẹ ìdánwò wò, wọ́n á máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Ẹni tó bá rí i gbà, kò ní san owó ilé-ìwé mọ́, wọ́n á tún fún un ní yàrá. Àyè méjì ló wà lọ́dún náà, àwọn mẹ́fà ló sì kọ̀wé béèrè. Bámgbóyè pè wọ́n sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ẹni tó máa ru erin, ẹfọ̀n la kọ́kọ́ ń gbé lé e lórí," ó ní. "Ìdánwò ni mo fẹ́ ṣe fún yín. Ẹ wo ìwé yìí."

Kò sí ìwé kankan. Bébà kan ni, tí ó kọ àkọlé sí: *Ìgbé Ayé Àwọn Ìgbómìnà*. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ orí mẹ́fà wà.

"Orí kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́ta. Ẹ jáde lọ bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ o! Mi ò fẹ́ iṣẹ́ ẹni tó jókòó ti fóònù."

Obìnrin kan nawọ́. Wàsílátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ télọ̀ ni ní Ọ̀tan, ìyàwó awakọ̀ takisí. Oyún rẹ̀ ti hàn díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí a bá kọ ọ́ tán, ta ló ni ín?"

"Ìmọ̀ ló ni ín!" Bámgbóyè dáhùn. "Ìmọ̀ kì í ṣe iṣu tí ẹnì kan ń dá jẹ."

Kò sọ fún un pé òun ti gbé àwo kalẹ̀.

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Dọ̀tun, ọmọ ẹlẹ́mu, tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sábẹ́ ọ̀pẹ lójoojúmọ́, ó kọ gbogbo bí wọ́n ṣe ń dá ẹmu. Wàsílátù ń gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀rà, lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń fún epo, tòun ti ikùn tó ń ga sí i. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n kó o wá. Bámgbóyè gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń ra iṣu.

"Èyí wúwo. Ó dáa. Èyí fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n a ó fi ṣe é."

Kò ṣí ọ̀kankan. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ bá Akíntúndé, atẹ̀wé ẹnu géètì.

"Yọ orúkọ wọn kúrò. Fi tèmi sí i. Bá mi fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú dáadáa síwájú rẹ̀, ọwọ́ mi dí."

Akíntúndé wò ó. "Ṣé ẹ ò ní kà á kí n tó tẹ̀ ẹ́, sà?"

"Ṣé alásè a máa tọ́ ọbẹ̀ tóun fúnra rẹ̀ sè wò ni?"

Alásè tí Akíntúndé mọ̀ máa ń tọ́ ọ wò o. Ṣùgbọ́n oníbàárà kì í jẹ̀bi. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ìkéde jáde lára pátákó yunifásítì: nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sẹ́ni tó kúnjú ìwọ̀n iṣẹ́ asísítáńtì. Wọ́n á tún polówó rẹ̀. Bámgbóyè ti ń ronú ìwé kejì.

Wàsílátù lọ bá a. Oyún ti wọ oṣù kẹjọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe tí kò dáa? Bí mi ò bá ríṣẹ́ yìí, ẹ̀kọ́ mi parí nìyẹn."

Bámgbóyè ò gbójú sókè. "Èdè rẹ ò jinlẹ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ẹ̀yìn ààrò."

Wàsílátù dúpẹ́, ó jáde. Ó wọ takisí ọkọ rẹ̀ tán kó tó jẹ́ kí omi ojú bọ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, pósítà gba gbogbo ìgboro Ìlá kan. Ìkójáde ìwé! *Ìgbé Ayé Àwọn Ìgbómìnà*, láti ọwọ́ Akàwé-má-sùn! Dọ̀tun rí i lára ògiri, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pe àwọn márùn-ún yòókù lórí fóònù.

Ní ọjọ́ Sátidé náà, gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gá àgbà yunifásítì wà níwájú, àwọn olùṣọ́-àgùntàn àti àwọn lèmọ́ọ̀mù jókòó tì í. Alàgbà ni Bámgbóyè ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń gbógun ti ọtí mímu, nítorí náà ìjọ wá lọ́pọ̀ yanturu. Ìyàwó rẹ̀, Zipporah, jókòó sí ìlà kìíní pẹ̀lú gèlè tó ga bí òkè.

Bámgbóyè gba makirofóònù.

"Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo fi kọ ìwé yìí! Èmi nìkan, èmi àti Ọlọ́run mi. Kò sẹ́ni tó bá mi fọwọ́ kan lẹ́tà kan níbẹ̀." Ó ṣí ìwé náà síbi tó bá ṣáà ti là. "Ẹ lọ wo ojú ìwé karùndínlọ́gọ́ta. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí bí èdè mi ṣe jinlẹ̀ tó!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó jókòó, inú rẹ̀ ń dùn bí ìgbà tí oyè ọ̀jọ̀gbọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ẹni tó máa yẹ ìwé wò ni Màmá Bọ́láwùmí, ọ̀gá ilé-ìwé girama tó ti fẹ̀yìn tì. Nítorí ohùn wọn tó dùn ni Bámgbóyè ṣe yàn wọ́n. Ó gbàgbé pé ìwé tí èèyàn bá fún Màmá, Màmá máa ń kà á.

"Ìwé yìí dùn," Màmá ní. "Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ mo ní ìbéèrè kékeré kan tàbí méjì. Ojú ìwé kẹtàlélógún." Wọ́n ti awò ojú sókè, wọ́n kà á: "'Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti mọ adùn ẹmu kí n tó gbàgbé adùn ọmú. Títí dòní, bí n kò bá tíì mu igbá kan, ojú mi kì í là láàárọ̀.'"

Olùṣọ́-àgùntàn yíjú sí alága ìgbìmọ̀ tó ń gbógun ti ọtí.

"Àkàwé ni, mà," Bámgbóyè sáré ní.

"Igbá ẹmu yẹn, àkàwé ni?"

"Ẹmu... ẹmu ẹ̀mí ni, mà."

"Ó dáa. Ẹ wá jẹ́ ká lọ síbi tẹ́ ẹ ní ká lọ, ojú ìwé karùndínlọ́gọ́ta." Màmá rọra kà á, wọn ò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. "'Oyún inú mi ti pé oṣù méje lọ́jọ́ tí mo gun ọ̀kadà dé Ọ̀rà. Àwọn ìyá elépo gbé àpótí fún mi, wọ́n ní kí n rọra, kí n má yọ̀ ṣubú. Mo fọwọ́ ti ẹ̀yìn, mo ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi fi takisí rẹ̀ wá gbé mi.'"

Màmá ṣí awò ojú.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Dókítà. Akọ ni, àbí abo?"

Ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́. Zipporah dìde tòun ti gèlè.

"Bàbá Fọlákẹ́mi! Ọkọ wo nìyẹn? Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wà lọ́dẹ̀dẹ̀ yín, ẹ ò sọ fún mi pé mo ní orogún ọkùnrin!"

"Àṣìtẹ̀ ni!" Bámgbóyè kígbe. Òógùn ti bo agbádá. "Akíntúndé ló fà á! Àṣìtẹ̀ ni!"

Akíntúndé wà nídìí tábìlì tí wọ́n to ìwé sí. Kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré.

"Sà, oyún ò lè jẹ́ àṣìtẹ̀. Orúkọ lẹ ní kí n yọ. Ẹ ò ní kí n yọ oyún."

Àwọn kan dìde lórí àga kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Ọ̀gá àgbà yunifásítì ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Orúkọ àwọn wo?" ó béèrè.

Lẹ́yìn pátápátá, Wàsílátù dìde. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn.

"Tèmi wà níbẹ̀, sà. Abo ni, mà, alùhámúdùlílàhì. Ó ti pé oṣù kan. Dókítà sọ fún mi pé èdè mi ò jinlẹ̀, pé ọ̀rọ̀ obìnrin ẹ̀yìn ààrò ni."

"Èmi ni mo ń mu ẹmu, sà," Dọ̀tun ní. Àwọn mẹ́rin yòókù náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Dókítà," ọ̀gá àgbà ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ewo lẹ kọ níbẹ̀?"

Bámgbóyè ń ṣí ìwé náà, ó ń wá ibi tó máa di mú. "Ọ̀... ọ̀rọ̀ ìṣáájú, sà."

Akíntúndé wúkọ́. "Èmi ni mo bá wọn kọ ọ́, sà. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn dí."

Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀gá àgbà ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ Bámgbóyè. Ó ní ìgbìmọ̀ mìíràn ni yóò pín iṣẹ́ asísítáńtì láti ọjọ́ Ajé, àti pé orí ìwé tí kálukú wọn kọ ni ìgbìmọ̀ náà yóò fi yan ẹni tó yẹ. Wàsílátù àti Dọ̀tun ló padà rí i gbà. Àwọn mẹ́rin yòókù ò rí i, àyè méjì ò sì di mẹ́fà nítorí pé wọ́n rẹ́ wọn jẹ.

Ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, Bámgbóyè jókòó. Kò sẹ́ni tó wò ó mọ́. Ó yojú wo ojú ìwé karùndínlọ́gọ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á nígbà àkọ́kọ́. Ó dùn. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Nígbà tó fi máa gbójú sókè, àwọn èèyàn ti to ìlà gbọọrọ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ wọn. Ó tún agbádá ṣe, ó fa bírò aláwọ̀ wúrà tó há sápò àyà yọ. Ìlà náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, sọ́dọ̀ àwọn mẹ́fà. Màmá Bọ́láwùmí ló ṣíwájú, wọ́n ti ṣí ìwé wọn síbi orí tí Wàsílátù kọ. Wàsílátù ń fọwọ́ tú báàgì ọmọ, kò rí nǹkan tó máa fi kọ̀wé.

Zipporah na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Fọlákẹ́mi, ẹ mú bírò yẹn wá. Òǹkọ̀wé fẹ́ lò ó."