Ìwé Kòkó Tí Mo Jẹ

Títí di òní, ọjọ́ tí mo fẹ́ gbé ìwé mì bí òkèlè iyán kò tíì tán lọ́kàn mi.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni tí àjàkálẹ̀ àrùn kó gbogbo ará ilé bàbá rẹ̀ lọ, tó ku òun nìkan, kò lè ṣe kó má bẹ̀rù. Bí ewé bá já lórí igi, màá kọ́kọ́ sá ná, kí n tó bèèrè irú ewé tó jẹ́.

Lọ́dún náà, kòkó mi lọ́nà Ìjàn ń dúdú, ó ń jẹrà lórí igi. Oko yẹn nìkan ni mo ní láyé. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ ká èyí tó ti bàjẹ́ kúrò, ẹ rì í mọ́lẹ̀, kí ẹ sì gé ẹ̀ka kí oòrùn lè wọlé." Mo ní kó dákẹ́, pé ọ̀rọ̀ kòkó, ọ̀rọ̀ ìwé ni.

Tísà ìjọ wa l'Ádó ní ìwé àtijọ́ kan tí òyìnbó kọ nípa àrùn kòkó. Kì í yá ẹnikẹ́ni, nítorí náà mo mú pẹ́ńsù lọ sílé rẹ̀, mo ń dà á kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, n kò tíì ro ìtumọ̀ rẹ̀ rárá. Mo ti kọ ojú ewé kan kí n tó ṣí iwájú ìwé, kí n tó rí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ohunkóhun kọ níbẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ mi. Tísà rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò ti Lọ́ńdọ̀nù wá mú yín?"

"Tísà, àwọn tó ń gba owó orí, ibo ni wọ́n ti wá?"

Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ mú nǹkan lóko olóko a kọ́kọ́ gbé iṣu lọ bẹ̀ ẹ́. Iṣu kò ṣeé fi ránṣẹ́ sókè òkun, mo bá kọ lẹ́tà, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣu mẹ́fà wà nílẹ̀ dè wọ́n. Mo fi ojú ewé tí mo dà kọ pamọ́ sínú fìlà. N kò jẹ́ kà á, kí wọ́n má baà ní mo ti lo ohun olóhun.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Kòkó ń jẹrà. Wọ́n sì gbé Tísà lọ sí ìlú mìíràn, tòun tìwé rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, akódà, ìránṣẹ́ ìjọba, wọ àgbàlá wa pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "Ṣé ilé ẹni tó kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù nìyí?"

Mo ki ojú ewé náà bọ ẹnu, mo gun àjà. Ẹnu mi gbẹ, ìwé kò lọ. Ibẹ̀ ni igi àjà ti ṣẹ́, tí mo já sínú apẹ̀rẹ̀ èlùbọ́ ìyàwó mi, gbogbo ara mi funfun.

"Mo jẹ́wọ́! Ojú ewé kan péré ni!"

"Ẹ̀gbọ́n," ni akódà wí, "kí lẹ ń jẹ? Lẹ́tà ni wọ́n ní kí n mú wá fún yín."

Mo kà á. Wọ́n ní ẹni tó kọ ìwé náà ti kú tipẹ́, àwọn kò sì mọ ẹni tó jogún rẹ̀, nítorí náà àwọn kò lè yọ̀ǹda gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ewé kan kò burú. Wọ́n sì dúpẹ́ iṣu.

Ojú ewé kan! Mo fa ìyókù yọ lẹ́nu, mo tẹ́ ẹ sórí orúnkún, mo kà á fún ìgbà àkọ́kọ́: kí á ká èyí tó ti bàjẹ́ kúrò, kí á rì í mọ́lẹ̀, kí á sì gé ẹ̀ka kí oòrùn lè wọlé.

Ìyá Bọ́lá na àdá sí mi. "Ẹ gbọn èlùbọ́ mi sílẹ̀," ló wí, "ká máa lọ sóko."

Ìdajì kòkó ló là. Akódà ló gbé iṣu mẹ́fà lọ. Títí di òní, n kì í fọwọ́ kan ohun olóhun láìbèèrè, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó mi bá ti sọ̀rọ̀, kíá ni màá dà á kọ. Òun kò kọ ìkìlọ̀ kankan síwájú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Èmi ni n kò ṣí i wò. Ẹ lè wá rẹ́rìn-ín báyìí, èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín.