Omi Aago Mẹ́fà ti Ọ̀gákọ̀ Adésọjí

Bí wọ́n bá ti tẹ wákàtí tí omi yóò kún sínú ìwé láti oṣù kìn-ín-ní, kí ni àdúrà tún fẹ́ yí padà? Títí dòní, Mojísọ́lá, akọ̀wé ìjọ ní Ìṣẹ̀-Èkìtì, ò tíì rí ìdáhùn.

Ayọ̀mikún ọmọ rẹ̀ ń gbéyàwó ní ìlú kan létí odò, lókè Wàrí. Bọ́ọ̀sì ìbá gbé wọn débẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ Mojísọ́lá wà láyé: Ọ̀gákọ̀ Adésọjí, Ọba Orí Omi, tó fi ọdún méjì já tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté, tó sì ti fi ogún ọdún ròyìn rẹ̀.

"Ìyàwó, orí omi la ó gbà wọ̀lú. Ṣé ẹrù gàrí ni wá ni?"

Nídàájí ọjọ́ ìgbéyàwó, ó yọ sí èbúté Wàrí nínú aṣọ funfun onígóòlù. Victor tó ni ọkọ̀ ní kí wọ́n dúró di aago mẹ́sàn-án.

"Mẹ́sàn-án kẹ̀? Ìwé ní mẹ́fà ni omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kún, tí yóò máa tì wá lọ sókè. Ta ló kàwé nínú àwa méjèèjì?"

Ọ̀sán gangan ni ìsìn. Mojísọ́lá dijú, ó gbàdúrà kí omi dé ní aago mẹ́fà.

Wọ́n gbéra. Omi ń ya bọ̀ látòkè, ẹ́ńjìnì ń ké, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan. Ọ̀pẹ kan létí odò bá wọn kẹ́gbẹ́ fún wákàtí méjì.

"Bọ̀dá," ni Kẹ́mi, ọmọ Mojísọ́lá, wí, "ọ̀pẹ yìí ti di ẹbí. Ṣé ká bù fún un nínú uṣu sísè tá a dì dání?"

Epo díísù tán nínú ẹ́ńjìnì. Victor ju ìdákọ̀ró sómi, ó gba ìwé wò. "Ọ̀gá, ti ẹnu òkun lèyí. Omi òkun ò ní dé ibí lónìí kó tó di mẹ́sàn-án."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo sọ. Ẹ ní ta ló kàwé."

Ní mẹ́sàn-án, omi dé lóòótọ́. Victor fa ìdákọ̀ró sókè; láìsí ẹ́ńjìnì, omi rọra ń gbé wọn lọ. Aago méjì ni wọ́n fẹ̀yìn wọ èbúté, níṣojú gbogbo àlejò.

"Ọ̀gákọ̀ nìyẹn?" ni ọ̀kan nínú ẹbí ìyàwó kígbe. "Ìdí ló fi ń wakọ̀ ni?"

Ẹ̀rín sọ.

"Màmi," ni Ayọ̀mikún wí, òrùka ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, "a dúró títí. Pásítọ̀ ò lè dúró mọ́."

Mojísọ́lá ní kò burú. Ó wo omi tó ń lọ sókè jẹ́ẹ́, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò gbàdúrà.

Adésọjí rìn sún mọ́ ọn, fìlà lábíyá. Kò pè é ní ìyàwó mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ayọ̀mikún, tẹ́ ẹ bá ń kọ ìròyìn ìgbéyàwó yìí fún ìjọ, ẹ bá mi kọ ọ́ pé omi ló pẹ́."