Fèrè Máníjà Tó Gbé Mi Jù Sínú Ọ̀sà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé, bí mo sì ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ ìlú, ẹnì kan kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí òdìkejì ọ̀sà, lápá òkun, ní Àgbádárìgì wa níbí. Ibẹ̀ ni Rọ́fíà, àkọ́bí mi, ti ríṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró lórí afárá pákó etí omi, kó di okùn ọkọ̀ mú, kó sì fa àwọn àlejò lọ́wọ́ gòkè. Ọmọ tó ń ru garawa omi láìfọwọ́ kàn án ni o. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀ tí ṣíbí fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílé. Bí ìlẹ̀kùn bá gbá, á ta gìrì.

"Rọ́fíà, ta ló ń lé ọ?"

"Màámi, máníjà wa ni. Fèrè wà lọ́rùn rẹ̀ bíi ti rẹfirí. Téèyàn bá ṣe àṣìṣe, á fọn ọ́n, gbogbo wa á dúró gbagidi, á wá bú onítọ̀hún lójú àlejò. Ó ní tóun bá tún fọn ọ́n sí mi lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n máa lọ sílé."

Fèrè! Sí ọmọ tí mo lóyún rẹ̀! Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo wọ bùbá mi tó dára jù, torí ìjà náà ní ìwọṣọ tirẹ̀, mo bá wọkọ̀ sọdá. Mo fẹ́ kọ́kọ́ fojú ara mi rí i, ni mo bá sá pamọ́ sẹ́yìn igi àgbọn. Ẹ̀yin náà mọ bí igi àgbọn ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Ẹni tó bá mọ̀ mí sì mọ̀ pé èmi ò tẹ́ẹ́rẹ́.

Mautin, ọmọ Ègùn tó ń tukọ̀ wọn, yọjú sí mi. "Ìyá, kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀ yẹn?"

"Mo ń gbatẹ́gùn."

"Ìdajì yín wà níta o."

Mi ò tíì dá a lóhùn tí ọkọ̀ kan fi gbé Alhaji agbaṣẹ́ṣe kan dé, tòun ti agbádá ńlá. Rọ́fíà di okùn mú, ó na ọwọ́ kejì sí i. Alhaji gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó, èkejì ṣì wà nínú ọkọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni máníjà fọn ọ́n: fììììì!

"Rọ́fíà! Bọ́tìnì ọrùn rẹ dà?"

Ọmọ mi ta gìrì, okùn bọ́. Ọkọ̀ ń sún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ Alhaji ń ya bí àlùmọ́gàjí, ó sì já sómi, jàbú!

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Mo gbá okùn fèrè ọrùn máníjà mú. "Ìwọ ọkùnrin yìí, màlúù lò ń dà ni?"

"Ta ni yín? Ẹ fi ọrùn mi sílẹ̀!"

Mo fà, ó fà. Pákó tútù kì í mọ ẹni ọ̀wọ̀. Èmi àtòun lọ bá Alhaji nínú ọ̀sà. Omi náà ò ju ìbàdí lọ, ṣùgbọ́n gèlè mi ti ń bá tirẹ̀ lọ. Fèrè já sọ́wọ́ mi. Ìbínú ni mo fi tì í bọ ẹnu, mo fọn ọ́n sí máníjà létí kóun náà mọ bó ṣe ń rí. Yéè! Gbogbo òṣìṣẹ́ dúró gbagidi. Mautin tó ti di Alhaji lọ́wọ́ mú jọ̀wọ́ rẹ̀, Alhaji tún padà sómi.

Igbákejì máníjà, Mádàámù Sénámi, jáde láti ilé ìdáná. Kò pariwo. Ó wo àwa mẹ́ta nínú omi, ó fi èdè Ègùn ké pe Ọlọ́run, "Máwù o!" Ó wá yíjú sí ọmọ mi tó ń sunkún.

"Rọ́fíà, iṣẹ́ rẹ nìyí, o sì mọ̀ ọ́n. Ta ni ká kọ́kọ́ yọ?"

Rọ́fíà nujú. "Alhaji ni, mà. Bọ̀dá Mautin, ẹ fi ọkọ̀ dí wọn lẹ́yìn. Alhaji, ẹ fún mi lọ́wọ́."

"Rọra o! Wàá ṣubú!" Èmi ni mo kígbe bẹ́ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ lọwọ́ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ìyá Rọ́fíà, ẹ jọ̀ọ́," ni Mádàámù wí, "ẹ jẹ́ kó ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, ṣùgbọ́n mo dákẹ́. Ọwọ́ ọmọ mi sì dúró. Ó fa Alhaji, ó fa máníjà, ó fà mí kẹ́yìn.

Alhaji ń fún agbádá, ó béèrè ẹni tó fọn fèrè. Máníjà, ọ̀dájú, nawọ́ sí mi. Fèrè ṣì wà lọ́wọ́ mi! "Ọmọ rẹ̀ ló já okùn sílẹ̀, sà. Mo ti lé e lónìí!"

Ìjà tí mo wá jà fún ọmọ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Alhaji, ẹ má bínú," ni Mádàámù Sénámi wí. "Àwa ọ̀gá la fi ẹ̀rù sí i lára. Ẹ̀bi wa ni. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò ti máa ṣiṣẹ́ láti òní. Tó bá tún ṣe àṣìṣe, èmi ni kẹ́ ẹ bi."

Alhaji wo Rọ́fíà. "Àbí ọmọ tó yọ mí lẹ fẹ́ lé?"

Bó ṣe dúró síbi iṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn ò lé máníjà o. Fèrè mìíràn ló rà. Ibi tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, Rọ́fíà ti ń kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́. Okùn kan náà ni, omi kan náà. Ọ̀gá ló yàtọ̀.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ pé ẹ̀rù kì í báni di okùn mú. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ dúró, kó kọ́kọ́ fọkàn tán an. Mi ò yọ ìyá ọmọ sílẹ̀. Nígbà tí mo tún sọdá lọ kí i, ó na ọwọ́ sí mi. "Rọra" ti dé ètè mi, mo gbé e mì.

"Màámi, ẹ ò sọ nǹkan kan," ni ó wí. "Ṣé ara yín yá?"

Ẹ̀rín pa mí tó bẹ́ẹ̀ tó fi kù díẹ̀ kí n yọ̀ ṣubú.