Òfin Tó De Kànìnkànìn Lórí Ohun Àtijọ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Àgbọn, ẹ gbójú kúrò lára fóònù díẹ̀! Kábíyèsí ló rán Oyèlúdé akéde sí yín!

Ẹ mọ Ìyá Abídèmí tó ń ta ohun àtijọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn oníbàárà fi ń wá bá a ní ìsọ̀. Látìgbà tí wọ́n ti ń rajà lórí fóònù, aláǹtakùn nìkan ló ń yà síbẹ̀. Ó ní bí abọ́ idẹ méjì tí ìyá ìyá òun fi sílẹ̀ kò bá tà, òun yóò ti ìsọ̀ pa.

Ó gbé abọ́ kan sílẹ̀ láti ya fọ́tò rẹ̀, kó lè tà á lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ọmọ Òkè-Àgbọn kì í gbé abọ́ dúdú síwájú àlejò. Ó fi kànìnkànìn, eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Abọ́ dán! Oníbàárà kan ní Ìbàdàn wò ó, ó ní àná ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe ohun àtijọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún bá omi eérú lọ! Ọgọ́rùn-ún ọdún!

Kó tó mọ̀ pé òun ṣe àṣìṣe, gbogbo ìlú ti wò ó kọ́. Kànìnkànìn tán lọ́jà. Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ:

Àṣẹ kìíní: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ ohun àtijọ́ kó tó ya fọ́tò rẹ̀. Èéfín ara rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí pé ó ti pẹ́! Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ yóò fọ gbogbo ìkòkò ààfin títí di ọdún ìjẹṣu. Ìkòkò ààfin pọ̀ o!

Àṣẹ kejì: Ẹ má ya fọ́tò àpótí nígbà tí àgbà bá jókòó lórí rẹ̀. Ẹnì kan ti béèrè iye tí àpótí àti Olóyè Jagun yóò jẹ́ pa pọ̀. Inú Olóyè kò dùn. Iye tí wọ́n dá lé e ti kéré jù.

Àṣẹ kẹta: Ẹ má ri àtùpà tuntun mọ́ inú ìgbẹ́ màlúù kó lè dà bí ògbólógbòó. Ẹni tó bá rì í yóò jókòó tì í títí yóò fi gbó ní tòótọ́!

Àṣẹ kẹrin: Ẹ dojú abọ́ délẹ̀, kí oníbàárà rí àpá òòlù alágbẹ̀dẹ ní ìdí rẹ̀. Ẹ gbé ọsàn kan tì í, kó mọ bó ti tóbi tó. Ẹ yà á lẹ́nu ọ̀nà, ní òwúrọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ìyá Abídèmí ṣe abọ́ kejì, tòun ti èéfín, tòun ti ẹnu rẹ̀ tó ti tẹ̀. Oníbàárà Ìbàdàn kọ̀wé padà: “Ìyá, ẹ má nù ún o. Èéfín yẹn gan-an ni mo fẹ́ rà.” Ó sì rà á. Ìsọ̀ ṣì wà ní ṣíṣí, páànù tuntun sì ti gorí rẹ̀. Abọ́ tó dán ńkọ́? Kábíyèsí ló rà á. Òun ló fi ń wo bí adé ṣe jókòó.

Ẹni tó gbọ́, kó wí fún ẹni tó ń ya fọ́tò lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wo agogo tí Oyèlúdé fi ń kéde tìyanu-tìyanu, kì í ṣe títà o! Kì í ṣe títà!