Ife Tíì Keje ti Topolinka

Ní gbogbo Tremont, àdúgbò wa nílùú òyìnbó, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọkọ̀ ojú irin, Alàgbà Olúwọlé á kọ́kọ́ wúkọ́. Ikọ́ náà kì í ṣe ti àìsàn. "Nígbà tí mo wà ní Topolinka," ni yóò wí, a ó sì mọ̀ pé a ò ní tètè délé.

Ìlú kékeré kan tí ọkọ̀ ojú irin ń yà ní Ukraine ni Topolinka. Ogójì ọdún sẹ́yìn ni Alàgbà kàwé ní orílẹ̀-èdè náà. Ó ní ọdún méjì gbáko lòun fi gbé ìlú yìí, àti pé olórí ìlú fúnra rẹ̀ ló fi ife tíì onírin kan ta òun lọ́rẹ. Òpìtàn-ìlú-onílùú, a-mọ̀dí-irin-ju-alágbẹ̀dẹ.

Lóṣù tó kọjá, ìjọ wa ń wá ẹni tí yóò kọ ìwé ìtàn ìjọ, tí àwòrán rẹ̀ yóò sì wà lẹ́yìn ìwé. Alàgbà ti ya àwòrán tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí òun kọ́kọ́ sọ ìtàn Topolinka, kí ìjọ fi mọ irú òpìtàn tí òun jẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó gbé ife náà ka orí tábìlì ní yàrá ìpàdé ìjọ. Ìyábọ̀dé, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, kò rí ẹni fi màmá tó ń tọ́jú sílẹ̀ fún, ló bá fi àga oníkẹ̀kẹ́ tì í wọlé. Òyìnbó ni màmá náà, Halina lórúkọ rẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Alàgbà fi sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ọmọ wa: ọdún tí irin dé ìlú, ọdún tí ogun wó ibùdókọ̀, ọdún tí wọ́n tún un kọ́. A pàtẹ́wọ́. Màmá Halina náà pàtẹ́wọ́.

"Ó kà á dáadáa," ni màmá wí. "Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ògiri ibùdókọ̀ wa ní Topolinka gan-an nìyẹn. Kò fo ìlà kan."

"Ẹ mọ ibẹ̀ ni, mà?" ni Alàgbà bèèrè. Ikọ́ kò tilẹ̀ wá.

"Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń tà níbẹ̀ nígbà náà. Nọ́ńbà wo ló wà nídìí ife yẹn?"

Ìyábọ̀dé dojú ife náà dé. "Méje ni, mà."

"Méjìlá ni ife ibùdókọ̀ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sùn lọ nínú ọkọ̀ títí ó fi kọjá ibi tó ń lọ. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ló jókòó tì wá, tó ń ka ara ògiri. Mo bu tíì fún un. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń padà dé, òun àti ife ló jọ wọ̀ ọ́."

Gbogbo wa yíjú sí Alàgbà.

"Alàgbà," ni Ìyábọ̀dé bèèrè tìtẹríba-tìtẹríba, "ọdún méjì tẹ́ ẹ wí ńkọ́, sà?"

"Ọkọ̀ yẹn pẹ́ kó tó dé," ni Alàgbà dáhùn.

Ẹ̀rín tí a rín dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ yàrá náà. Olùṣọ́ àgùntàn bẹ Màmá Halina kó máa bá ìtàn lọ láti ibi tí ògiri dé. Màmá ní ọ̀fun ń gbẹ òun. Alàgbà gbé ife keje, ó yà sí ilé ìdáná.

Àwòrán rẹ̀ yóò kúkú wà nínú ìwé ìjọ: Kànmí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, yà á níbi tó ti tẹrí ba, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíì fún màmá. Màmá mu ún tán, ó fi aṣọ ìnujú nu ife náà, ó sì rọra sọ ọ́ sínú báàgì rẹ̀.