Onígíláàsì Dúdú Tó Wọ Ilé Iṣu Wa

Bí mo bá darúgbó débi pé mo gbàgbé orúkọ ara mi, n ò lè gbàgbé ọ̀sán ọjọ́ tí ìwé ìtàn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi tú ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ká. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná.

Adó-Èkìtì là ń gbé, nígbà tí a ṣì ń kọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó sẹ́yìn orúkọ ìlú wa. Tíṣà ni bàbá mi, tíṣà tí kì í fi ẹnu lásán bá ọmọ wí. Bíbélì, ìwé orin àti ìwé iléèwé nìkan ló gbọ́dọ̀ wọlé rẹ̀. Èmi ní tèmi, àìsàn kan ń ṣe mí: àwọn ìwé ìtàn kéékèèké olédè Gẹ̀ẹ́sì tí àwa ọmọ iléèwé girama máa ń yá ara wa. Ọmọbìnrin kan àti ìyá àgbà rẹ̀ ló wà nínú gbogbo wọn. Ìlú olótùútù ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ wọn kò sì ju kí wọ́n máa mú olè lọ. Mo ti ka èyí tó pọ̀, mo sì kó wọn pamọ́ sẹ́yìn àpò gààrí nínú yàrá tí a ń kó iṣu sí lẹ́yìnkùlé. Àwọn eku ibẹ̀ gbọ́n, gààrí ni wọ́n ń jẹ, wọn kì í fọwọ́ kan ìwé mi.

Ní ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Fọlákẹ́, ti rí ọkọ kan ní Ìjerò. Ẹbí ọkùnrin kan ti já a sílẹ̀ ṣáájú. Wọ́n ní àwọn gbọ́ nǹkan kan nípa ilé wa, wọn ò sì sọ nǹkan ọ̀hún títí dòní. Àǹtí sunkún débi tí ojú rẹ̀ wú. Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, jẹ́jẹ́ ni gbogbo ilé ń rìn. Bàbá àti Ìyá mọ̀ pé ará Ìjerò á rán ẹnì kan wá ṣe ìwádìí wa ní bòókẹ́lẹ́, bí gbogbo ẹbí ọkọ ti ń ṣe: ṣé wọn kì í jà, ṣé wọn kì í jalè, ṣé àìsàn burúkú kan ò sí nínú ìran wọn. Ẹni náà kì í sọ pé òun ń bọ̀. Àmọ́ ta ní í bá ọmọdé sọ irú ẹ̀? Wọn ò sọ fún mi.

A wà ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Bàbá ti lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá wà ní Ọjà Ọba níbi tó ti ń ta àwo tánganran, Àǹtí wà níbi iṣẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣọ́ ilé. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ka ìtàn ẹ̀gbà ọrùn olówó iyebíye kan tó sọnù. Ọkùnrin kan nínú ìwé náà máa ń wọ gíláàsì dúdú, ó sì ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè nípa ilé olówó. Ẹnì kan ti ya ojú ìwé tó gbẹ̀yìn kí ìwé náà tó kàn mí, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo ti mọ olè. Onígíláàsì dúdú ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, mo rí ọkùnrin àgbàlagbà kan tó wọ gíláàsì dúdú, tó mú agbòjò lọ́wọ́, níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Dúpẹ́, aránṣọ tó kọjú sí ilé wa.

"Ta ní ń gbé ilé ọ̀hún?" ló ń bi í.

"Tíṣà ni, sà. Èèyàn dáadáa ni wọ́n."

"Wọn kì í jà?"

"Rárá o, sà."

"Ìgbà wo ni wọ́n sábà máa ń wà nílé?"

Yéè! Mo fò dìde. Kì í ṣe ẹ̀rù o, ayọ̀ ni! Olè ti dé Adó, èmi ni Ọlọ́run sì fi í hàn. Mo sáré ju ìwé mi sẹ́yìn àpò gààrí nínú yàrá iṣu, mo wọlé, mo wé gèlè Ìyá dé ìpéǹpéjú kí ẹnikẹ́ni má dá mi mọ̀, mo sì tẹ̀ lé e. N ò tíì rìn jìnnà tí Ìyá Dúpẹ́ fi pariwo lẹ́yìn mi pé, "Ìwọ ọmọ Tíṣà! Ṣé eyín ló ń dùn ọ́ tó o fi di orí bẹ́ẹ̀?" Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjà Ọba ló gbà lọ, kò sì dúró títí ó fi dé ìsọ̀ ìyá mi gan-an. Ó ń ná àwo, ṣùgbọ́n ojú ìyá mi ló ń wò, kò wo àwo rárá. Ẹ̀rí nìyẹn! Mo lóṣòó sẹ́yìn àwọn bàsíà tí wọ́n tò jọ kí n lè gbọ́rọ̀ dáadáa. Etí gèlè mi há mọ́ ọ̀kan. Mo rọra fà á. Gbàgà-gbogo! Gbogbo bàsíà wó lulẹ̀, wọ́n ń yí lọ sáàárín ọjà, èmi náà sì nà gbalaja láàárín wọn.

"Kí lo wá ṣe níbí?" ni ìyá mi ké. "Ta lo fi ilé sílẹ̀ fún?"

Kí n tó ṣa bàsíà tán, kí n tó gbọ́ èébú tèmi tán, onígíláàsì dúdú ti lọ. Mo sáré délé. Òjò ti ṣú bolẹ̀. Mo yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, mo rí agbòjò rẹ̀ lára ògiri, ilẹ̀kùn yàrá iṣu wà ní ṣíṣí, mo sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó ti wọ ilé wa! Ọmọbìnrin inú ìwé kì í fi irú àǹfààní báyìí ṣeré. Mo fa ilẹ̀kùn dé gbàgà, mo sì ti í lóde.

"Ta nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Ọlọ́pàá ń bọ̀!" ni mo dáhùn. Irọ́ ni, ọlọ́pàá kankan ò bọ̀. Òjò dé lójijì, ó ń lu páànù gan-an, n ò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Mo gbé ọmọ odó lọ́wọ́, mo dúró síwájú ilẹ̀kùn, mo ń rò ó bí orúkọ mi ṣe máa jáde lórí rédíò.

Nígbà tí òjò dá, Bàbá, Ìyá àti Àǹtí Fọlákẹ́ wọlé léra wọn. "Mo mú olè!" ni mo fi kí wọn. Bàbá gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi, ó ṣílẹ̀kùn.

Ọkùnrin náà jókòó lórí àpò gààrí, ó ti gbé gíláàsì sókè orí, ó gbé ìwé mi súnmọ́ fèrèsé. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ gbójú sókè.

"Tíṣà, ẹ kú ulé o," ló wí. "Èmi ni wọ́n rán wá láti Ìjerò. Òjò ló fẹ́ pa mí tí mo fi yà síbí."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, tòun ti aṣọ ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá kúnlẹ̀. Àǹtí Fọlákẹ́ wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó fọwọ́ bojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìgbà yẹn ni ohun tí mo ṣe tó yé mi. Ẹkún rẹ̀ yẹn dùn mí ju ẹgba èyíkéyìí tí Bàbá lè nà mí lọ.

"Ta ló ni ìwé yìí?" ni bàbá Ìjerò náà bi.

"Èmi ni, sà."

"Kí ló dé tó o fi rò pé olè ni mí?"

"Gíláàsì yín ni, sà. Ẹni tó jalè nínú ìwé yẹn náà wọ irú ẹ̀."

"Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lójú ni. Òun ló jalè, àbí o rò pé òun ni? Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn dà?"

"Wọ́n ti ya á kó tó kàn mí, sà."

"Háà! O tì mí mọ́lé, o tún fi ìtàn tí kò lópin tì mí!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ó fa Bàbá dìde. "Tíṣà, mo ti bi gbogbo àdúgbò, ẹnì kan ò sọ yín láìdáa. Àbúrò ìyàwó sì rèé, kò jẹ́ kí àjèjì mú iṣu kan jáde. Kí ni mo tún ń wá? Ìyàwó wa, nu ojú rẹ."

Àǹtí Fọlákẹ́ bú sẹ́kún tuntun, ṣùgbọ́n ti ayọ̀ nìyí. Bàbá gba ìwé lọ́wọ́ àlejò wa, ó ní òun máa sun ún. Mo rí i lọ́jọ́ kejì, ó fi ìwé ìròyìn bo nǹkan kan, ó ń kà á tọkàntọkàn.

Ọjọ́ ìgbéyàwó, bàbá Ìjerò pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fún mi ní irú ìwé yẹn, odindi. Ìbàdàn ló ti rà á. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Onígíláàsì dúdú kò jí nǹkan kan. Àbúrò bàbá ọmọbìnrin inú ìwé náà ni, ó wá ṣọ́ wọn ni. Ìyá oníwà tútù tó ń gbé kéèkì wá fún wọn ló kó ẹ̀gbà ọrùn lọ.

Láti ọjọ́ náà, n kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ bí n ò bá tíì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọmọ Àǹtí Fọlákẹ́ ti dàgbà, wọ́n ti bímọ, síbẹ̀ Àǹtí Ọlọ́pàá ni gbogbo wọn ń pè mí. Bí mo bá sì lọ kí wọn ní Ìjerò, wọ́n á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá iṣu wọn kí wọ́n tó kí mi káàbọ̀. Kí ni mo lè ṣe? Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.