Láyíwọlá Wolé-wolé àti Agbọ̀n Mẹ́sàn-án

Kí ẹni tó ń jẹun fọwọ́ rọ̀ ná, kí ẹni tó ń tòògbé nu ojú rẹ̀, kí ẹni tó sì ń bá aládùúgbò jà fi ìjà náà sí ìdajì, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ pè yìí kì í ṣe orúkọ tí à ń pè nígbà tí ọkàn bá pín. Láyíwọlá Àyìnlá ni mo fẹ́ kì, wolé-wolé àgbà ní ìlú Ìkìrun, ọkùnrin tí ń wo ìdọ̀tí lójú tí ìdọ̀tí fi ń ṣẹ́jú, akọni tó bá yọjú sẹ́nu àmù, tí gbogbo tanwíjí inú rẹ̀ á forí pamọ́ sísàlẹ̀ omi. Ọmọ Gbọ́lágadé ni. Gbọ́lágadé yẹn ló wà lójú ogun Jálumi, tó rí i pé ìjà ti gbóná, tó ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun di ibẹ̀ mú ṣinṣin kí òun lọ pe ènìyàn wá sí i, tó sì pe ènìyàn náà títí dé ìlú kejì, tí kò padà dé títí wọ́n fi kórè àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Àjàgbé ni, Àjàgbé tó lé àkùkọ kan fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, tó jẹ́ pé àkùkọ ló ṣàánú rẹ̀ tó dúró. Ìran akíkanjú ni wọ́n. Wọn kì í sá fún ogun. Wọ́n kàn máa ń tètè rántí pé àwọn ní nǹkan ṣe níbòmíràn ni.

Nígbà tí ọmọ akọni yìí di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, tí ikùn rẹ̀ ti ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá bí ẹni tó ń lọ wo ilẹ̀ de ọba, dókítà kan ní ilé ìwòsàn wé nǹkan mọ́ ọn lápá, ó wo òǹkà tó jáde, ó sì tún wé e mọ́ ọn lápá kejì. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni dókítà náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru gidigidi. Ẹ máa lo oògùn tí mo kọ, kí ẹ sì máa rìn." Ọ̀rọ̀ náà wọ Láyíwọlá lára, nítorí ní oṣù tó ṣáájú ni Sùbérù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, jókòó sórí àga láti bọ́ bàtà ní ìrọ̀lẹ́ kan báyìí, tí ikú sì dé kó tó bọ́ ẹsẹ̀ kejì.

Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ṣé irú ọkùnrin báyìí ló yẹ kó kàn máa rìn kiri bí ẹni tí àgbò rẹ̀ sọnù? Ó ro ti eré sísá, ó sì rántí pé àgbà kì í sáré lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ó mọ̀ pé bí òun bá sáré kọjá ní Òkè-Àfò, ìdajì àdúgbò ni yóò bá òun sáré, wọn kò sì ní bèèrè ohun tó dé títí wọn yóò fi dé ẹ̀yìn ìlú. Ó ro ti bọ́ọ̀lù, orúnkún rẹ̀ fún un lésì. Ó ro ti odò wíwẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Jálumi, tí odò gbé àwọn ọmọ ogun lọ, ọ̀rọ̀ odò kì í dùn létí ìdílé Gbọ́lágadé.

Níbi tó ti ń rò ó ló gbọ́ nípa oko káṣú Ẹ̀njínnìà Odétóyìnbó. Ẹ̀njínnìà yìí ti Kánádà dé ní ọdún tó kọjá, ó sì ri agbọ̀n irin mẹ́sàn-án sínú oko bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àpáta, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí òpó, tí ẹ̀wọ̀n irin sọ̀ kalẹ̀ yí i ká lókè bí irùngbọ̀n. Gọ́ọ̀fù díìsìkì ni wọ́n ń pe eré náà. Ènìyàn á mú àwo rọ́bà pẹlẹbẹ kan, á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á jù ú; ibi tó bá balẹ̀ sí, ibẹ̀ ni yóò ti tún un jù, títí yóò fi wọ inú agbọ̀n. Ẹni tí jíjù rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í jù ú ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ lórí agbọ̀n kan. Nítorí pé àwo náà jọ ọmọrí ìkòkò, àwọn ará ìlú kò fi orúkọ òyìnbó da ara wọn láàmú: eré ọmọrí ni wọ́n ń pè é.

Ọjọ́ tí Láyíwọlá kọ́kọ́ yọ sí oko yẹn, àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Ó dé fìlà tí etí rẹ̀ yọ síwájú, ó wọ ìbọ̀wọ́ sí ọwọ́ kan, bàtà rẹ̀ ní eyín lábẹ́ bí ẹkùn, ó sì gbé àpò kan kọ́ ẹ̀yìn tí ọmọrí méjìlélógún wà nínú rẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀: èyí tí ń ya sósì, èyí tí ń ya sọ́tùn-ún, èyí tí à ń lò bí atẹ́gùn bá ń bínú. Gbogbo rẹ̀ ló ti kọ́ tán lórí fóònù. Nígbà tó débẹ̀, Màmá Ọlátúndùn, ìyá ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin tó fẹ̀yìn tì ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ń fi sálúbàtà rìn kiri pẹ̀lú ọmọrí kan ṣoṣo tó ti ṣá. Akọni wa dúró tì í, ó sì ṣàlàyé fún un fún bíi ogún ìṣẹ́jú bí ènìyàn ṣe ń di ọmọrí mú. Màmá dúpẹ́. Ó ju tirẹ̀, ó wọ agbọ̀n. Láyíwọlá ju tirẹ̀, ó wọ oko gbágùúdá ẹlòmíràn.

Ẹ má rò pé èyí nìkan ni ogun tó bẹ̀rẹ̀ láyé rẹ̀. Òun ló gbẹ́ adágún ẹja àrọ̀ tó di ilé ọ̀pọ̀lọ́. Òun ló ra dùùrù tó kọ́ orin kan ààbọ̀ lórí rẹ̀. Òun ló sin oyin, tí oyin sin onílé rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tíṣà tí kì í gbé ohùn sókè, wo àpò ọmọrí náà lọ́jọ́ tó gbé e wọlé, ó sì bèèrè ìbéèrè kan péré: "Bàbá Morónfólú, ibo la máa kó èyí sí nígbà tó bá sú yín?"

Ká sòótọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, kò sì kọjá agbọ̀n karùn-ún rí. Igi káṣú ńlá kan wà níbẹ̀ tí òjìji rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Bó bá ti dé abẹ́ igi yìí, fóònù rẹ̀ á dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn tó máa ń gbọ́ ọ. Á gbé e sétí, á ní wọ́n ń pe òun ní ọ́fíìsì, á sì fi ẹ̀yìn rìn kúrò lójú ogun; Àṣàkẹ́ pàápàá ti mọ ìtàn igi náà. Ẹ̀jẹ̀ Gbọ́lágadé kò lọ síbì kankan.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ́ ní ọjọ́ Àìkú kan, níbi ìpàdé àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, tí àwọn ìyàwó wọn náà wà níjókòó. Láyíwọlá ń ṣàlàyé eré ọmọrí bí ẹni pé òun ló mú un wọ ilẹ̀ Yorùbá. Adéòjó Ládélé, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tí òun náà ń ṣe eré náà tó sì mọ̀ ọ́n díẹ̀, gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Láyíwọlá, láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ẹ́, oúnjẹ nìkan ni nǹkan tí o parí rí."

Ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn kò dun akọni, ó ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ó bojú wo ẹ̀gbẹ́, ó rí Àṣàkẹ́ tó fi ọwọ́ bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èyí ló wọ egungun. Ó dìde. Ó ní ní Sátidé tó ń bọ̀, òun yóò parí agbọ̀n mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, lójú gbogbo ayé.

Ládélé ní, "Bí o bá parí ẹ kí jíjù rẹ tó pé ọgọ́rùn-ún, màá dọ̀bálẹ̀ fún ẹ, màá sì pè ẹ́ ní Ọ̀gá. Bí o ò bá parí ẹ, o máa dìde níbí ní ìpàdé tó ń bọ̀, o máa ka gbogbo nǹkan tí o ti bẹ̀rẹ̀ rí sí wa létí."

Sátidé mọ́. Àwọn márùn-ún ló pé sí oko: Ẹ̀njínnìà, Màmá Ọlátúndùn, Ládélé, Alhaji Múfútàù tó ń ta bẹ́líìtì ọkọ̀, àti kìnnìún wa. Ẹ wá wo ogun. Ní agbọ̀n kìíní, ọmọrí rẹ̀ fò bí àṣá, ó rí igi tíìkì kan tó dúró jẹ́ẹ́, ó gbá a lójú, ó sì padà wá bá a bí ajá tó mọ olówó rẹ̀. Jíjù mẹ́sàn-án ló fi tẹ̀ ẹ́ lórí ba. Ní agbọ̀n kejì, ó lé agbo ewúrẹ́ kan tí kò ṣẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi fi koríko sílẹ̀ fún un. Ní agbọ̀n kẹrin, ọmọrí pupa rẹ̀ há sórí káṣú. Ó ju àwọ̀ ewé láti fi já a, àwọ̀ ewé há. Ó ju àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ọsàn náà jókòó tì wọ́n. Ìgbà tó fi jáwọ́, igi náà ti so èso mẹ́fà tí Ọlọ́run kò dá mọ́ káṣú. Ẹ̀njínnìà ní èyí tí a bá ti jù, a ti jù ú nìyẹn. Ládélé kà á, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn: méjìlélógójì, lórí agbọ̀n mẹ́rin.

Bí wọ́n ṣe dé agbọ̀n karùn-ún nìyẹn, tí òjìji sì na ọwọ́. Láyíwọlá jókòó. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù, ó sì rántí àga Sùbérù. Ó na ọwọ́ sí àpò láti mú fóònù. Kó tó fọwọ́ kàn án, fóònù dún, gbogbo wọn gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí. Àṣàkẹ́ ni.

Ó ní, "Ṣé ẹ ti dé abẹ́ káṣú?"

"Mo ti kọjá ẹ̀," ni ọmọ Gbọ́lágadé wí, láti ibi tó jókòó sí.

Àṣàkẹ́ ní, "Ẹ̀rín ọjọ́ Àìkú yẹn, mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ má bínú. Ẹ máa mu omi, kí ẹ máa rọra rìn. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ máa bọ̀ nílé."

Ó fi fóònù sápò. Ó di gbòǹgbò káṣú mú, ó dìde bí erin tó ń jáde nínú ẹrẹ̀, ó sì kọjá agbọ̀n karùn-ún, ibi tí baba rẹ̀ kankan kò dé rí. Ní agbọ̀n keje, ìbàdí Alhaji Múfútàù dún kẹ́kẹ́, ó fọwọ́ tì í, ó dágbére, ó lọ ilé. Láyíwọlá wò ó títí ó fi pòórá, ó wò ó pẹ̀lú ìlara, lẹ́yìn náà ó gbé ọmọrí. Ìgbà tí wọ́n yanjú agbọ̀n kẹjọ, jíjù rẹ̀ jẹ́ àádọ́rùn-ún géérégé.

Orí àpáta ni agbọ̀n kẹsàn-án wà, ó dá dúró síbẹ̀ bí olóyè tí kò fẹ́ràn àlejò. Akọni ju èyí àkọ́kọ́. Ọmọrí gun òkè, ó ronú, ó dúró lórí etí rẹ̀, ó sì yí gbirigbiri sọ̀ kalẹ̀ kọjá lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ láìkí i. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀lé wọn sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè, ó sọ̀, ó gòkè. Nígbà tí Ládélé ka méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, Láyíwọlá dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré sí agbọ̀n. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà. Ó ju ọmọrí.

Ọmọrí gbá ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n ké ṣàà, ọmọrí ta padà, ó sì gbé apá kan lé etí agbọ̀n, ìdajì nínú, ìdajì níta, ó ń mì. Láyíwọlá, ẹni tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí, tí àwọn onílé ń bẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ nítorí ṣáláńgá, tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Jọ̀ọ́."

Ọmọrí já sínú.

Ládélé ní ó dà bí ẹni pé atẹ́gùn ló tì í. Màmá Ọlátúndùn lọ bẹ agbọ̀n wò, ó tún sálúbàtà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ó ti wọlé, Tíṣà. Ẹ dọ̀bálẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ na àyà sórí àpáta gbígbóná, aṣọ funfun àti gbogbo rẹ̀, ó sì wí ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n gbọ́ dé ìdí agbọ̀n kẹjọ: "Ọ̀gá."

Ẹ jẹ́ kí n ka àbájáde ogun, nítorí ìtàn kì í parọ́. Màmá Ọlátúndùn, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀njínnìà, méjìdínlógójì. Ládélé, mọ́kànléláàádọ́ta. Láyíwọlá ọmọ Gbọ́lágadé, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Alhaji Múfútàù wà lórí ibùsùn. Kì í ṣe akọni wa ló gbẹ́yìn.

Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé. Àṣàkẹ́ ti gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, kò bèèrè iye jíjù. Ó ní kó jókòó, ó sì bá a bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ ọ̀tún, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ òsì.

Nítorí náà, mo kéde rẹ̀ fún Ìkìrun lókè lódò, fún Ìràgbìjí àti Òkukù tó múlé tì í, fún àwọn tó wà lójú oorun àti àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́, fún tanwíjí inú àmù àti ewúrẹ́ inú oko: ní Sátidé yìí, nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, láìsí ọba tó ràn án níṣẹ́, láìsí ọ̀tá tó dìde sí i, láìsí àǹfààní kankan tí yóò ti ibẹ̀ kan ẹnikẹ́ni lára, Láyíwọlá Àyìnlá bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan, ó sì parí rẹ̀. Kí àwọn òpìtàn wá ibi kan fi sí.